Kí Òrí Kọ́kọ́ Sùn Lápá Rẹ

Ọmọ-ọmọ mi kan tó ń múra àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gíga bi mí léèrè pé, "Màámà, iṣẹ́ wo lẹ fi gbogbo ayé yín ṣe?" Mo ní òrí ni mo ń ṣe. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé iṣẹ́ nìyẹn náà?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn, àmọ́ ìdáhùn mi gùn, oorun sì ti gbé e lọ kí n tó dé ìdajì. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ní kí wọ́n bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, kí òun àti àwọn ọ̀dọ́ yòókù tó ń wá iṣẹ́ tí wọ́n máa dì mú lè kà á nígbà tí oorun ò bá kùn wọ́n.

N ò ní tàn yín pé iṣẹ́ náà dùn. Ó ń mú apá, ó ń mú ẹ̀yìn, èéfín rẹ̀ sì ń mú ojú. N ò sì ní sọ pé kí ẹ má ṣe é. Mo kàn fẹ́ sọ bó ṣe rí.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣiṣẹ́ títí apá mi fi kọ̀. Ọdún tí wọ́n yí owó pọ́n-ùn padà sí náírà ni ìyá mi fà mí lé Ìyá Ràbí lọ́wọ́. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe kò gùn. Ìyá mi ní, "Ẹ bá mi tọ́ ọ bí ọmọ yín. Bó bá ṣìṣe, ẹ má wojú mi." Ìyá Ràbí ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń wojú ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo máa lò, lẹ́yìn náà yóò ṣe òmìnira fún mi, kí n lè máa ta òrí lórúkọ ara mi.

Obìnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ìyá Ràbí. Kì í pariwo, kì í sì í tètè rẹ́rìn-ín. Ìrun márùn-ún rẹ̀ kì í yẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ láàárín ìrun kan sí èkejì. Oríṣi òrí méjì ló ń ṣe. Ọ̀kan ni òrí ọjà, èyí tí wọ́n fi ń dín àkàrà, tí wọ́n fi ń pa ara, tí wọ́n fi ń tan fìtílà. Èkejì ni òrí oògùn, inú ìkòkò kékeré tó ní ọmọrí ló ń wà. Èyí ni wọ́n fi ń pa orúnkún tó wú, ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́, ọwọ́ àgbà tí oríkèé rẹ̀ ń ro. Àwọn èèyàn ń ti Kìṣí wá nítorí rẹ̀, wọ́n ń ti Ìṣẹ́yìn wá. Òrí oògùn yẹn ni mo fẹ́ kọ́. Òrí ọjà, ta ni ò lè ṣe é?

Igi òrí, tí àwọn àgbà ń pè ní èmì, kì í ṣe igi tí èèyàn ń gbìn lọ́dọ̀ wa. Ọlọ́run ló gbìn ín sínú ọ̀dàn. Àgbẹ̀ tó bá ń ṣán oko á gé gbogbo igi tó kù, á fi òun sílẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbá báyìí, a ó ti wà nínú oko pẹ̀lú igbá lórí, a ó máa ṣa èso tó já sílẹ̀. A kì í gun igi náà, a kì í sì í fi ọ̀pá gbọ̀n ọ́n. Ní ọjọ́ kan, mo na ọwọ́ sí èso kan tó rọ̀ sísàlẹ̀ gan-an, ó pọ́n, ó kàn ku díẹ̀ kó já ni. Ìyá Ràbí gbá ọwọ́ mi. Ó ní, "Òun àti ìyá rẹ̀ ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Fi wọ́n sílẹ̀."

Mo rò pé àṣejù àgbà ni, títí mo fi rí kóró èso tí wọ́n fi tipátipá já. Òrí inú rẹ̀ kì í pọ̀, kì í sì í pẹ́ kó tó kan. Èyí tó ti hù nílẹ̀ kò dáa, èyí tó ti dúdú kò dáa. Ọdún kan gbáko ni mo fi ṣà, tí mo fi sè, tí mo fi sá, tí mo fi fọ́, kí ó tó jẹ́ kí n sún mọ́ agbada tí a fi ń yan kóró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà ní ráńpẹ́. A ó se kóró náà, a ó sá a sóòrùn, a ó fọ́ ọ, a ó gún ohun inú rẹ̀ nínú odó. A ó yan án nínú agbada, a ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi dà bí ẹ̀kọ dúdú. Nígbà náà ni a ó wá bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, a ó máa fi apá pò ó. Bí omi bá tutù jù, kò ní jáde. Bó bá gbóná jù, kò ní jáde. Bó bá bọ́ sí i, ó máa funfun lójijì, yóò léfòó bí ìfòófó ọṣẹ. Ìfòófó yẹn ni a ó kó, tí a ó fọ̀, tí a ó wá sè lórí iná jẹ́jẹ́ títí yóò fi di òróró, tí a ó sì dà á sílẹ̀ kó dì.

Ní ọdún kejì, mo da omi gbígbóná sí i láìtó àsìkò, nítorí ebi ń pa mí, mo fẹ́ kó tètè parí. Ó dúdú, ó ń wò mí. Ìyá Ràbí wá, ó wo inú ọpọ́n náà, ó ní kí n máa pò ó lọ. Mo ní, "Màámà, ó ti bàjẹ́." Ó ní òun rí i. Ó ní kí n ṣáà máa pò ó. Mo pò ó láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Ó ní òun fẹ́ kí apá mi mọ ohun tí etí mi kò gbọ́. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ òwe yẹn, àmọ́ èmi mọ̀ ọ́n dé èjìká.

Òrí oògùn yàtọ̀ ní ibi mẹ́ta. Kóró tó dáa jù nìkan ni a ń lò. A kì í jẹ́ kí iná rẹ̀ pọ̀ rárá, nítorí Ìyá Ràbí gbà pé ohun tó ń bá wíwú jà nínú òrí kì í fẹ́ iná. Ẹ̀kẹta ni òfin tó le jù. Bí òrí náà bá ti dì, ẹni tó ṣe é á mú díẹ̀, á fi pa inú apá ara rẹ̀, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́, lókè ìgúnpá. Yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Bí ibẹ̀ kò bá yún, tí kò wú, tí kò gbóná, ìkòkò náà lè jáde nílé. Kò sí oníbàárà tó lágbára tó láti mú kó jáde ṣáájú. Mo rí ìyàwó ọlọ́lá kan tó jókòó lórí ẹní wa, tó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá Ràbí fún un lómi mu, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ó tún kọ́ mi bí a ṣe ń wo ẹni tó ń bọ̀ wá ra òrí. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń wo ibi tó wú, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́, nítorí àtẹ́lẹwọ́ olórìí ti yi. Ó máa wò ó bóyá ó wú, bóyá ó gbóná, bóyá awọ rẹ̀ ń dán, lẹ́yìn náà á bi ẹni náà bó ṣe ń ro ó. Bí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí bí ọyún bá ti ń ṣara jọ sínú, kò ní ta òrí fún un. Á ní, "Ọsibítù ni kí o lọ. Òrí ń bẹ ara pé kó farabalẹ̀ ni, kò mọ bí wọ́n ṣe ń lé olè." Wọ́n máa ń bínú, àwọn mìíràn a sì bú u. Mo ka ẹni mẹ́ta tó padà wá dúpẹ́ lójú mi.

Ọdún kẹrin pé tán. Iléyá ń bọ̀, lẹ́yìn Iléyá ni òmìnira mi. Ìyá mi ti ra aṣọ sílẹ̀. Bí iṣu ẹni bá ta, a máa fọwọ́ bò ó jẹ, àmọ́ èmi ò fọwọ́ bo nǹkan kan; gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé èmi Àṣàbí ń bọ̀ wá di ọ̀gá.

Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí Iléyá, èèyàn Ìyá Ràbí kan kú ní Ìgànná, ó sì lọ kí wọn. Ó fi ilé sílẹ̀ fún mi. Ọjọ́ kejì ni Bàbá Télọ̀ ránṣẹ́. Iwájú mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ló ti ń ránṣọ, orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti wú, kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Aṣọ Iléyá àwọn èèyàn sì kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n bá òun fi òrí oògùn ránṣẹ́.

Ìkòkò oògùn ti tán nílé. Mo ní n óò ṣe é fúnra mi. Mo ti rí i lọ́kàn mi: ọ̀gá á dé láti Ìgànná, á bá Bàbá Télọ̀ lórí ẹ̀rọ, wọ́n á sọ fún un pé Àṣàbí ló ṣe é.

Ṣáájú ọjọ́ yẹn, àbúrò ìyá mi tó wà ní Ìwéré-Ilé ti gbé igbá kóró kajú kan wá fún wa. Kajú ò tíì pọ̀ ní Ṣakí nígbà náà. Èso rẹ̀ la mọ̀, a máa ń fa omi rẹ̀ mu, a sì ń ju kóró nù. Òun ló sọ fún wa pé bí èèyàn bá yan kóró náà, ohun inú rẹ̀ dùn ju ẹ̀pà lọ. Mo yan án. Inú agbada irin tí a fi ń yan kóró òrí ni mo ti yan án, torí agbada kan ṣoṣo ló wà. Omi dúdú kan jáde lára èèpo rẹ̀, ó ń ta, ó ń gbiná. A jẹ ẹ́, ó dùn lóòótọ́. Mo fi yanrìn àti ewé nu agbada náà. Kò mọ́ tán, àmọ́ ta ni ń wo inú agbada dúdú bóyá ó dúdú?

Agbada yẹn kan náà ni mo fi yan kóró fún oògùn Bàbá Télọ̀. Mo lọ̀ ọ́, mo pò ó, ó funfun lọ́wọ́ mi bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Mo sè é lórí iná jẹ́jẹ́. Mo dà á sínú ìkòkò kékeré. Òrí náà dára lójú, mo sì fẹ́ràn ara mi lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ mọ́, apá mi ń yún mi láti ọwọ́ dé ìgúnpá. Mo họ ọ́. Mo ní yànmùyánmú ni. Ọjọ́ méjì tí òfin wí kò tíì pé, ọjọ́ kan pàápàá kò tíì pé. Ọmọ iṣẹ́ Bàbá Télọ̀ dé lọ́sàn-án pé ọ̀gá òun ń bẹ̀ mí. Mo gbé ìkòkò náà, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ, mo kúnlẹ̀, mo fi òrí pa orúnkún àgbàlagbà náà yíká. Ó ṣàdúrà fún mi. Ó ní, "Àṣàbí, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa wo ara sàn."

Ọjọ́ kejì rẹ̀, orúnkún náà wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, ó ti léròrò, omi ń jáde lára rẹ̀. Apá tèmi náà ti léròrò dé ìgúnpá. Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni Ìyá Ràbí dé.

Ó wo apá mi, ó lọ síbi agbada, ó fi èékánná ha ìdí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Kí lo yan nínú èyí?" Mo ní kajú. Ó ní, "Ọjọ́ mélòó ni òrí yẹn fi sùn lápá rẹ?" Mo ní kò sùn. Ó ní, "Apá rẹ ò sọ nǹkan kan fún ọ?" Mo ní ó yún mi, àmọ́ mo rò pé yànmùyánmú ni. Ó tún un sọ bí ẹni tó ń há ọ̀rọ̀ sórí: "O rò pé yànmùyánmú ni."

A jọ lọ sílé Bàbá Télọ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ẹbí wà níbẹ̀, inú ń bí wọn, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́. Mo kúnlẹ̀, mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ìyá Ràbí tẹ èjìká mi mọ́lẹ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, obìnrin tó ju ìyàwó Bàbá Télọ̀ lọ ní ọdún mẹ́wàá. Ó ní, "Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ẹ má bá ọmọ wí." Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí wọ́n kúkú nà mí. Títí dòní, bí mo bá rántí bó ṣe kúnlẹ̀, ojú ṣì máa ń tì mí.

Bàbá Télọ̀ ni kò bínú tó àwọn yòókù. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fọ ojú ibẹ̀, wọ́n wé e. Ó ní orúnkún máa sàn bó bá wu Ọlọ́run, àmọ́ aṣọ wọ̀nyí ńkọ́? Iléyá ku ọjọ́ márùn-ún. Bí aṣọ àwọn èèyàn ò bá yọ, ta ni yóò tún gbé aṣọ fún òun lọ́dún tó ń bọ̀? Ìyá Ràbí ní, "Àṣàbí ní ẹsẹ̀ méjì."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹsẹ̀ Bàbá Télọ̀. Wọ́n gbé àpótí kan sí òdìkejì ẹ̀rọ, mo jókòó lé e, mo na ẹsẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́. Òun jókòó níwájú, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀ sórí ìtìsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ darí aṣọ. Á ní, "Tẹ̀ ẹ́." Á ní, "Rọra, kọ́là nìyí." Á ní, "Dúró." Bí mo bá ṣìṣe, òwú á já. Ọjọ́ àkọ́kọ́, a já òwú ju bí a ṣe rán aṣọ lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ mi ti mọ ìgbà tí kọ́là bá dé. Apá mi wà nínú báńdéèjì funfun, àwọn tó ń lọ kírun ń yà wò wá. Ẹnìkan bi í pé ṣé ọmọ iṣẹ́ tuntun nìyí. Ó ní, "Rárá o, ẹsẹ̀ mi ni." Gbogbo aṣọ náà yọ ṣáájú Iléyá, ó ku fìlà ọmọdé kan. Láti ìgbà yẹn títí ó fi kú, kò pe orúkọ mi mọ́, Ẹsẹ̀ Mi ló ń pè mí.

Orúnkún rẹ̀ sàn, àpá sì dúró níbẹ̀. Iléyá lọ. Ìyá mi mú aṣọ òmìnira jáde, ó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó ń dúró. Ìyá Ràbí kò dárúkọ òmìnira. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí oko lẹ́yìn àsùbá bí ọmọ tuntun. Ọdún náà parí. Ìyá mi lọ bá a, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ti ṣìṣe, ó sì ti gbọ́n." Ìyá Ràbí dá a lóhùn pé ó ti gbọ́n lóòótọ́, òun ò tíì mọ̀ bóyá ó ti le ni.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn mi ni mo ń wò níwájú. Ó ṣe òmìnira fún méjì nínú wọn lójú mi, mo sì bá wọn jó. Mo lọ́kọ, mo bímọ, mo ṣì ń lọ sí agbo ilé rẹ̀ láràárọ̀. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n ò fi í sílẹ̀. Mo lè ta òrí ọjà láìsí àṣẹ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ òrí oògùn, ẹni tó bá mọyì rẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ló dá ọ lómìnira?" Kò sí irọ́ tí n óò pa síbẹ̀. Kí n sọ òótọ́, inú bí mi sí i lọ́pọ̀ ọdún.

Láàárín ìyẹn, ayé ń yí. Ẹ̀rọ ìlọta dé àdúgbò. Ohun tí a fi ọjọ́ méjì lọ̀ lórí ọlọ, ó ń lọ̀ ọ́ tán kí èèyàn tó wẹ omi tán. Ìyá Ràbí kò fẹ́ ẹ, àmọ́ èjìká gbogbo wa fẹ́ ẹ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ata ni wọ́n ń lọ̀ nínú rẹ̀. A gbé kóró àkọ́kọ́ lọ, òrí tó jáde ń ta ẹnu bí ọbẹ̀. Oníbàárà kan ní òun fi pa ètè, òun sì mu omi títí. Èmi ni mo wá ọ̀nà rẹ̀: a ń bá alẹ́rọ sọ̀rọ̀ kó fún wa ní àárọ̀ kùtùkùtù, a ó kọ́kọ́ lọ èèpo kóró nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ata inú rẹ̀ lè tán, kí a tó wá da tiwa sí i. Òrí oògùn kò dé ibẹ̀ rárá o. Orí ọlọ ni ó wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn mìíràn tún dé pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá, wọ́n ń ra kóró gbígbẹ ní àpò àpò, wọn ò béèrè òrí. Ọ̀pọ̀ obìnrin jáwọ́ nínú pípò. N ò bá wọn jà.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà tún gbàjọba, ọkùnrin kan láti yunifásítì wá sọ́dọ̀ wa, ọmọ jẹ́jẹ́, ó wọ awò ojú. Ó ń wádìí àwọn igi tó ń mú wíwú ara lọ sílẹ̀. Ó bi Ìyá Ràbí ní ìbéèrè fún ọjọ́ méjì, ó sì kọ gbogbo rẹ̀. Ó ní gbogbo òróró ló máa ń di ọṣẹ bí wọ́n bá fi eérú sè é, àmọ́ òrí ní apá kan tó pọ̀ nínú rẹ̀ tí kì í di ọṣẹ láé, inú apá tó kọ ọṣẹ yẹn ni àwọn èròjà tó ń bá wíwú jà wà. Ìyá Ràbí ní òun mọ̀ pé òrí kì í ṣe ọṣẹ dáadáa, òun ò mọ̀ pé nítorí rere ni. Ọkùnrin náà tún sọ fún wa pé irú èròjà bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, wà nínú èèpo pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń bo ẹ̀pà, èyí tí a ń fẹ́ dànù, àti nínú awọ tó wà lára ohun inú kajú. Mo bi í pé èèpo òde kajú ńkọ́. Ó ní ìyẹn yàtọ̀, òróró inú rẹ̀ ń jó awọ èèyàn, wọ́n mọ̀ ọ́n níbi gbogbo. Ìyá Ràbí wo apá mi, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé ó rẹ́rìn-ín, n ò lè búra.

Ọkùnrin náà ní kí wọ́n má ka òrí sí ohun tó lè wo gbogbo nǹkan. Ó ní iṣẹ́ ṣì pọ̀ tí àwọn ò tíì ṣe kí àwọn tó lè sọ ìwọ̀n tó tó. Ìyá Ràbí fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀lé e mú Ìyá Ràbí. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì wú, ó wá ń jókòó kírun. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ọjọ́ orí ni, wọ́n fún un ní oògùn oníhóró, ó sì ń lò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó pè mí, ó ní, "Àṣàbí, ṣe òrí fún mi." Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń fi ṣe ti ara rẹ̀.

Mo ṣe é bó ṣe kọ́ mi. Mo ṣa kóró rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, mo pò ó, mo sè é. Nígbà tó dì, mo fi pa inú apá mi, mo sì gbé ìkòkò náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó na ẹsẹ̀. Ó ní, "Fi kàn án."

Mo ní, "Ó di ọ̀tunla, Màámà."

"Lónìí ló ń ro mí."

"Mo mọ̀."

"Àṣàbí, àgbàlagbà ni mí. Èmi ni mo ni òfin, èmi ni mo sì ní kí o fi kàn án. Mo bẹ̀ ọ́."

N ò gbọ́ kí obìnrin yìí bẹ èèyàn rí, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo, ní ilé Bàbá Télọ̀, nítorí tèmi. Omi bọ́ lójú mi. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo mú ọmọrí, mo fi dé ìkòkò náà. Mo lọ gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wá, mo rẹ aṣọ sí i, mo fi ń wé orúnkún rẹ̀. Ó ń ro ó, mo sì rí i pé ó ń ro ó. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọjọ́ méjì yẹn gùn lójú mi ju gbogbo ọdún tí mo fi dúró lọ.

Nígbà tó pé, mo ká apá aṣọ mi sókè, mo na apá sí i. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ó wò ó bóyá ó wú. Ó wò ó bóyá ó gbóná. Ó yí i sí ojú oòrùn, ó wò ó bóyá ó ń dán. Ó ní, "Ṣé ó yún ọ?"

Mo ní, "Rárá."

"Yànmùyánmú ńkọ́?"

Mo ní, "Kò sí yànmùyánmú nínú ọyẹ́, Màámà."

Ó ní kí wọ́n pe Bàbá Télọ̀ wá, kí wọ́n pe ìyá mi. Wọ́n dé. Dàbínù díẹ̀ ló wà nílé, ó ní kí wọ́n pín in. Ó ní kí wọ́n bá òun ṣàdúrà, òun fẹ́ dá ọmọ òun lómìnira. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní aṣọ òmìnira ti kéré jù fún mi, mo ti bímọ mẹ́ta. Bàbá Télọ̀ ní, "Ẹsẹ̀ Mi, ẹ ò ṣe tètè sọ? N bá tú u kí n tún un rán." Wọ́n ṣàdúrà, a ṣe àmín.

Ìyá Ràbí jẹ dàbínù tirẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó tún na ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ó yá, ọ̀gá, ó ń ro mí."

Mo ṣí ìkòkò náà, mo kúnlẹ̀.